Bí Ìjọba Amẹ́ríkà Bá Gbẹ́sẹ̀ Lé Owó Yín: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbà Á Padà

Ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá lè dá yín dúró lójú títì, kó bá owó nínú báàgì yín, kó gba owó náà, kó sì ní kí ẹ máa lọ. Wọn ò mú yín, wọn ò fẹ̀sùn kàn yín, ẹ ò sì fojú kan adájọ́ kankan, síbẹ̀ owó náà lè bọ́ sápò ìjọba pátápátá. Òfin ilẹ̀ náà fàyè gba èyí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pàdánù ni kò rin ọ̀nà náà rárá, torí pé ọjọ́ ti kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé ọjọ́ wà. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká má kánjú.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún gidigidi. Ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, àwọn èèyàn wa ń dá èsúsú, wọ́n ń ta aṣọ àti oúnjẹ tí oníbàárà ń fi owó lọ́wọ́ san, wọ́n ń gbé owó lọ ra mọ́tò ní gbàǹjo, wọ́n sì ń mú owó dání wálé fún ìsìnkú tàbí fún ilé tí wọ́n ń kọ́. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó fi gbèdéke lé iye owó tí èèyàn lè mú rìn láàárín ìlú. Àmọ́ tí ọlọ́pàá bá rí ìdì owó tí wọ́n fi rọ́bà so, oògùn olóró ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Owó ni wọ́n pè lẹ́jọ́

Ìpele méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní, ó sì dáa ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìpele kìíní ni kí wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ yín kí wọ́n sì tì í mọ́lé. Èyí la ó máa pè ní ìgbẹ́sẹ̀lé. Ìpele kejì ni kí òfin mú owó náà kúrò lórúkọ yín pátápátá kó sì kọ ọ́ sórúkọ ìjọba. Òyìnbó ń pe èyí ní civil forfeiture. Àwa ó máa pè é ní ìsọdi-tìjọba. Láàárín ìpele méjèèjì yìí ni àyè wà fún yín láti jà.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, èèyàn ni ìjọba ń bá rojọ́. Nínú ìsọdi-tìjọba, owó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá rojọ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lábúlé tí ewúrẹ́ bá jẹ oko olóko. Wọ́n á mú ewúrẹ́ náà, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ nílé baálẹ̀. Ewúrẹ́ ni wọ́n so, wọn ò so ẹni tó ni ín. Bí ẹni tó ni ín ò bá yọjú, kó wí pé òun lòun ni ín àti pé kì í ṣe ewúrẹ́ òun ló jẹ oko, ewúrẹ́ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Ìjọba ò ní wá yín kiri láti bi yín bóyá ẹ fẹ́ jà. Ẹ̀yin lẹ máa yọjú.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn ẹjọ́ yìí fi máa ń yani lẹ́nu. Ọ̀kan tó lókìkí ni United States v. $124,700 in U.S. Currency, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kẹjọ dá ní 2006. Owó ni olùjẹ́jọ́. Ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ọlọ́pàá dá ọkùnrin kan dúró, ó sì rí owó náà nínú kúlà kan nínú mọ́tò tí wọ́n yá. Wọn ò bá oògùn kankan níbẹ̀. Ajá wọn ló fi hàn pé òun gbóòórùn rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ló dá owó náà jọ láti fi ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ bi í bóyá owó púpọ̀ wà nínú ọkọ̀, ó ti sọ pé rárá. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá a láre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ó gbè sẹ́yìn ìjọba. Ẹ fi ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òfin bíbá ohun-ìní rojọ́ ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà ọkọ̀ ojú omi ló ti wà: bí wọ́n bá fi ọkọ̀ lu jìbìtì owó orí ẹrù, tí ẹni tó ni ọkọ̀ sì wà lókè òkun, ọkọ̀ ni wọ́n ń mú. Ohun tó wá fún un lágbára lóde òní ni òfin tí wọ́n ṣe ní 1984. Láti ìgbà náà, owó tó bá di ti ìjọba ń wọ àpò àkànṣe kan tí àwọn agbófinró ń ná. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú tó bá bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ náà lè gbà tó 80% nínú rẹ̀. Ẹni tó gba owó yín ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má retí pé wọ́n á dá a padà fúnra wọn.

Ní 2017, ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde nípa DEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró. Ìròyìn náà ní láti 2007, DEA ti gbẹ́sẹ̀ lé owó lọ́wọ́ tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ. Nínú rẹ̀, 81%, ìyẹn bílíọ̀nù 3.2 dọ́là, ló di ti ìjọba láìdé iwájú adájọ́ kankan. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Èyí kì í sì í ṣeé ṣe àyàfi bí kò bá sí ẹni tó fi ìwé tó tọ́ ránṣẹ́ lásìkò tó tọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì sá. Ojú títì kọ́ ni wọ́n ti ń gba owó padà. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yẹ ẹrù yín wò láàárín ìlú, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ ò gbà. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò síbẹ̀, ẹ má dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ má purọ́. Ẹ lè dákẹ́, ẹ sì lè sọ pé ẹ fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dáhùn. Irọ́ pípa fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, kódà bí owó náà bá mọ́. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó ti ẹnu yín jáde ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin Nebraska yẹn nìyẹn: nígbà tó fi máa ṣe àlàyé tó pè ní òtítọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń ta kò ó.

Ẹ béèrè fún rìsíìtì. Ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ àjọ ìjọba tó gba owó náà sí i, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti gbà á àti iye owó náà bí wọ́n bá ti kà á. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lè gbà á lónìí kó sì fà á lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ lọ́la, nítorí náà ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò kà. Nígbà míì, wọ́n á gbé ìwé kékeré kan wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ lè tètè máa lọ. Ìwé náà lè wí pé owó náà kì í ṣe tiyín, tàbí pé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ọwọ́ ara yín lẹ fi ti ilẹ̀kùn.

Ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tí lẹ́tà ti ń dé ọ̀dọ̀ yín dájú. Bí ẹ bá kó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà. Gbogbo ohun tó kù dúró lórí lẹ́tà kan.

Lẹ́tà tó ní ọjọ́ nínú

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ni CAFRA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2000. Ó ní bí àjọ ìjọba àpapọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ lé owó, wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ìfitónilétí ránṣẹ́ sí ẹni tọ́rọ̀ kàn láàárín 60 ọjọ́. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú ló gbà á tó sì fà á lé wọn lọ́wọ́, 90 ọjọ́ ni.

Ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà náà. Ẹ máa rí iye owó, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbà á, àti nọ́mbà tí wọ́n fún owó náà. Ẹ máa rí òfin tí wọ́n ní owó náà lòdì sí. Ẹ máa rí àdírẹ́sì tí ẹ máa kọ̀wé sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa rí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí ìwé yín gbọ́dọ̀ dé. Ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 35 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ kíyè sí i: láti ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ ṣí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ gidi ṣe é. Ká ní wọ́n gba $28,000 lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Houston ní March 3, àti pé àjọ ìjọba àpapọ̀ ló gbà á. Wọ́n ní títí di May 2 láti kọ lẹ́tà sí i. Ká ní April 10 ni wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, wọ́n sì fún un ní 35 ọjọ́. May 15 ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Bí lẹ́tà náà bá pẹ́ kó tó dé, tó sì wà lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta míì láìṣí, ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń gbé ìkéde sórí ìkànnì ìjọba tó ń jẹ́ forfeiture.gov, fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Bí lẹ́tà kò bá dé ọ̀dọ̀ yín, 30 ọjọ́ péré lẹ ní lẹ́yìn tí ìkéde bá parí. Torí náà, bí ẹ ò bá gbúròó lẹ́tà, ẹ máa yẹ ìkànnì náà wò.

Ìwé ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀bẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì rìn. Lẹ́tà náà máa fi ọ̀nà méjì pàtàkì hàn yín. Ìkíní ni èyí tí òyìnbó ń pè ní claim. Àwa ó máa pè é ní ìwé ẹ̀tọ́. Ìkejì ni petition for remission. Àwa ó máa pè é ní ìwé ẹ̀bẹ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tó gba owó náà gan-an. Ẹ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú, kí wọ́n dá gbogbo owó tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà. Àwọn ló máa kà á, àwọn ló máa pinnu. Adájọ́ kò ní rí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ó ṣòro gan-an láti rí ilé ẹjọ́ tó máa yí ìpinnu wọn padà.

Ìwé ẹ̀tọ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá ti dé lásìkò, àjọ náà kò lágbára mọ́ láti sọ owó yín di ti ìjọba fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Bí owó yín bá mọ́ tí ẹ sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ ni ọ̀nà yín. Fọ́ọ̀mù táwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà máa ń fi ránṣẹ́ ní àpótí kékeré mélòó kan tí ẹ máa mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ ka àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi bírò kàn án.

Ìwé ẹ̀tọ́ kì í náni ní owó kankan. Kí òfin 2000 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ jà ní láti kọ́kọ́ fi owó ìdúró sílẹ̀. Wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́. Kò sì sí dandan pé kó gùn. Nǹkan mẹ́ta ni òfin béèrè: kí ẹ sọ owó wo gan-an lẹ ń bèèrè, kí ẹ sọ bí owó náà ṣe jẹ́ tiyín, kí ẹ sì fi ìbúra tì í. Ohun tí obìnrin Houston wa máa kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ju èyí lọ:

"Mo ń bèèrè ẹ̀tọ́ mi lórí $28,000 tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ní March 3, tí nọ́mbà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yín. Èmi ni mo ni gbogbo owó náà. Ọjà aṣọ tí mo ń tà ni mo ti rí i. Mo búra pé òótọ́ ni ohun tí mo sọ yìí, mo sì mọ̀ pé ìjìyà wà fún ìbúra èké."

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ búra, lọ́yà kò lè bá yín ṣe é. Bó bá jẹ́ owó èsúsú ni, tó sì jẹ́ pé ẹ kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó ni ín. Ó sì dáa kí àwọn náà fi ìwé ẹ̀tọ́ tiwọn ránṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì búra lórí owó tí kì í ṣe tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹjọ́ ìbúra èké, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá mú ẹ̀tọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wá.

Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́nà tó máa fún yín ní ẹ̀rí pé ó ti dé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dé ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ jù ú sí àpótí lẹ́tà.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ìjọba

Bí ìwé ẹ̀tọ́ bá ti dé, ọjọ́ ti ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní 90 ọjọ́ láti ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta: kí wọ́n pe ẹjọ́ ìsọdi-tìjọba sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó náà sínú ẹjọ́ ọ̀daràn, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Bí ìwé obìnrin wa bá dé ní May 12, August 10 ni ọjọ́ wọn pé. Adájọ́ lè fi kún un bí ìdí pàtàkì bá wà. Nígbà míì, lọ́yà ìjọba á wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, á rí i pé kò tó gbé lọ síwájú adájọ́, owó á sì padà láìsí ẹjọ́.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ìdúró. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Culley v. Marshall tó jáde láti Alabama, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà sọ pé ìwé òfin ilẹ̀ náà kò fi dandan lé ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́ kan tó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kí ohun-ìní ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba títí ẹjọ́ fi máa parí. Ohun tí ó fi dandan lé ni pé kí ìgbẹ́jọ́ gan-an má pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́

Ìjọba á pe ẹjọ́, wọ́n á sì fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ìwé ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ ti tó. Kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ tún fi ìwé ẹ̀tọ́ míì sí ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ìfitónilétí náà á sì sọ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí 35 ọjọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi í síbẹ̀, ẹ ní 21 ọjọ́ láti fi ìwé èsì sí i, èyí tó máa dáhùn ẹ̀sùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti pàdánù owó tó mọ́ nítorí pé wọ́n fi ìkíní síbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé ìkejì.

Ìjọba tún lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí yín nípa ẹni tí ẹ jẹ́ àti bí owó náà ṣe jẹ́ tiyín. Ìdáhùn náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ìbúra. Bí ẹjọ́ ọ̀daràn bá wà nílẹ̀ tàbí tó ń rúgbó bọ̀, ẹ má dáhùn ohunkóhun láìbá lọ́yà sọ̀rọ̀, torí ohun tí ẹ bá sọ níbí lè tẹ̀lé yín débẹ̀. Lọ́yà yín lè ní kí wọ́n dá ẹjọ́ owó dúró ná títí ti ọ̀daràn fi máa parí.

Ta ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn? Ìjọba ni. Kí òfin 2000 tó dé, ẹni tó ni owó ló ń wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ní báyìí, ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó náà jẹ́ èrè ẹ̀ṣẹ̀ tàbí pé ó ní àjọṣe tó lágbára pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè kò tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Ohun tí wọ́n ní láti fi hàn ni pé ó ṣeé ṣe kó rí báwọn ṣe wí ju kó má rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè jàre ẹjọ́ ọ̀daràn kó sì pàdánù owó.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló fi owó yín ṣe ohun tí kò dáa láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, òfin ní àyè fún ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Níbí, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ ò mọ̀, tàbí pé nígbà tí ẹ mọ̀, ẹ ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dá a dúró.

Ẹ̀rí tó ń gba owó sílẹ̀

Ìjọba sábà máa ń sọ nǹkan mẹ́rin: owó náà pọ̀ jù, wọ́n dì í lọ́nà àjèjì, ajá gbóòórùn oògùn, àlàyé ẹni tó ni ín kò bára mu. Ẹ lè dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti ajá, kì í ṣe gbogbo ilé ẹjọ́ ló ń gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́ bákan náà. Wọ́n ti fi hàn nílé ẹjọ́ pé ọ̀pọ̀ owó tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ní àbàwọ́n oògùn lára, láìjẹ́ pé ẹni tó mú un dání mọ ohunkóhun.

Ohun tó lágbára jù ni kí ẹ fi ipa ọ̀nà owó náà hàn, láti ibi tó ti wá dé ibi tó ń lọ. Ìwé báǹkì tó fi ọjọ́ tí ẹ gbà á hàn. Ìwé owó orí tí ẹ san. Rìsíìtì ọjà, ìwé tí ẹ fi ta mọ́tò tàbí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ jọ sọ lórí fóònù. Fún owó èsúsú, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ wá: orúkọ, iye tí kálukú dá, ọjọ́ tó kàn yín láti kó o. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta sì ṣe tán láti búra. Adájọ́ Amẹ́ríkà lè má mọ èsúsú rí, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ti ń kọ láti ọdún méjì sẹ́yìn lè yé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tó ń dá èsúsú láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Lọ́yà àti owó lọ́yà

Ẹ lè fi ìwé ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ fúnra yín. Bó bá dé ilé ẹjọ́, ẹ wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí ní pàtó. Ìjọba kì í yan lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí wọ́n gba owó rẹ̀, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá ti yan lọ́yà fún un nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tó jẹ mọ́ ọn, tàbí bó bá jẹ́ ilé tó ń gbé gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà.

Òfin ní bí ẹ bá jàre ní pàtàkì, ìjọba ló máa san owó lọ́yà yín tó bá bójú mu, pẹ̀lú èlé lórí owó náà. Lọ́yà ìjọba sì lè wá pẹ̀lú àbá pé kí ẹ gba apá kan kí ẹjọ́ parí. Kí ẹ tó gbà, ẹ bi lọ́yà yín ohun tí àbá náà máa ṣe sí ẹ̀tọ́ yín láti gba owó lọ́yà padà.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò wálé

Ẹnubodè ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá mú ju $10,000 lọ wọ Amẹ́ríkà tàbí jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba nínú fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ FinCEN 105. Wọn ò ní gba owó orí lórí rẹ̀, wọn ò sì ní kí ẹ má mú un lọ. Sísọ ọ́ ni wọ́n fẹ́. Ẹ má pín in fún àwọn ọmọ kí ó lè dín kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ẹ̀tàn. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ sí Èkó, òfin Nàìjíríà náà ní kí ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá ju $10,000 lọ.

Kódà ẹni tó ṣẹ̀ níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Wọ́n gba $357,144 lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń lọ sí Cyprus, torí pé kò sọ ọ́. Owó náà mọ́, gbèsè ló fẹ́ lọ san. Nínú ẹjọ́ United States v. Bajakajian, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 1998 pé gbígba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìtanràn tó pọ̀ jù fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá

Bí wọn ò bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín rárá, tó sì jẹ́ pé wọ́n mọ̀ yín tàbí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ yín, tí ẹ̀yin náà kò sì gbọ́ lásìkò, ẹ lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ọdún márùn-ún lẹ ní láti ìgbà tí ìkéde parí. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà dé ni, tí ẹ ò sì ṣí i, àyè yìí kì í ṣe tiyín.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí jẹ mọ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ló fẹ́ mú owó náà, òfin ìpínlẹ̀ ni ẹ máa tẹ̀lé, ọjọ́ rẹ̀ sì lè kúrú jù báyìí lọ. New Mexico fòpin sí ìsọdi-tìjọba láìsí ìdálẹ́bi ní 2015, Nebraska ṣe é ní 2016, Maine ṣe é ní 2021. Ní Nàìjíríà níbí pẹ̀lú, òfin kan wà láti 2006 tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ń lò: ilé ẹjọ́ á kọ́kọ́ pàṣẹ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á kéde rẹ̀, ẹni tó bá sì ní ẹ̀tọ́ sábà máa ń ní ọjọ́ 14 láti wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó di ti ìjọba.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí lẹ́tà ìjọba bá dé, ẹ ṣí i lọ́jọ́ tó dé, ẹ fi pupa fàlà sí abẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ ìwé ẹ̀tọ́ yín kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà rẹ̀.